Fàdákà Ṣáínà ní gbàǹjo, "white metal" ni wọ́n kọ sí i: ṣé kí n dá owó lé e?

Ọmọ Ẹ̀gbá Leicester, Ọjọ́ Ajé, 8:41 alẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú alẹ́ o. Gbàǹjo kan ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ yìí lágbègbè ibi tí mò ń gbé, ilé gbàǹjo kékeré ni, kì í ṣe àwọn ńláńlá Lọ́ńdọ̀nù, ẹrù ilé olóògbé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́ọ̀tì méjì, ìyẹn ẹrù tí wọ́n ń tà pa pọ̀, ló wọ̀ mí lójú. Èkíní, sẹ́ẹ̀tì tíì: tíípọ́ọ̀tì, abọ́ ṣúgà àti jọ́ọ̀gì mílíìkì, wọ́n fín dírágónì yí gbogbo ara wọn ká, ọwọ́ wọn rí bí ọparun. WH àti 90 ni wọ́n lù sí ìdí wọn, lẹ́tà Ṣáínà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n fojú bù ú sí £400 sí £600. Èkejì, jáà onídèérí aláwọ̀ búlúù àti funfun, lẹ́tà Ṣáínà mẹ́rin wà nídìí ẹ̀, wọ́n pè é ní "Kangxi mark", £80 sí £120.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé "Chinese white metal" ni wọ́n kọ sí kátálọ́ọ̀gù, wọn ò kọ silver. Ṣé ayédèrú ni? Ìyàwó mi ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, pé ṣé ọjà Ṣáínà tó kún ilé ò tíì tó ni. Mi ò fẹ́ rà á tà o, iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ló wù mí. £700 ni gbogbo owó tí mo lè kó jáde, kò gbọdọ̀ lé kọ́bọ̀ kan.

Ìyá Rẹ̀mí, 9:05 alẹ́

Ọmọ mi, ìyàwó ẹ mọ ohun tó ń sọ. Àwọn fúnra wọn ló kọ white metal, irin funfun lásán nìyẹn. Tó bá jẹ́ fàdákà ni, wọn ì bá ti kọ silver gàdàgbà síbẹ̀. £600 lórí irin! Lọ wá sẹ́ẹ̀tì Sheffield tó ní kìnnìún, òǹtẹ̀ fàdákà Gẹ̀ẹ́sì, lára rà, ìyẹn o mọ ohun tó o rà.

Alágbàǹjo Kent, 9:28 alẹ́

Màmá, ẹ má bínú o, kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi ọjà rere sílẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà làwa dílà ti ń jẹun.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, òfin hallmarking ti 1973, ìyẹn òfin òǹtẹ̀ lára wúrà àti fàdákà, ò fàyè gba oníṣòwò kó pe nǹkan ní silver bí kò bá ní òǹtẹ̀ tí òfin mọ̀, tí nǹkan náà bá ti wúwo ju gíráàmù 7.78 lọ. Fàdákà Ṣáínà yìí, Canton, Shanghai tàbí Hong Kong ni wọ́n ti ṣe é, kò gba ọ̀dọ̀ assay office kankan kọjá, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń yẹ fàdákà wò kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ sí i, àfi àwọn díẹ̀ tí wọ́n lu òǹtẹ̀ ìkówọlé sí nígbà tí wọ́n kó wọn dé Lọ́ńdọ̀nù. Lóòótọ́ òfin yẹn yọ nǹkan tó ti wà ṣáájú 1950 sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á ló máa fi hàn pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ àti pé fàdákà inú ẹ̀ tó 800 nínú 1,000. Ilé gbàǹjo kékeré tó ń palẹ̀ ẹrù olóògbé mọ́ ò ráyè ìyẹn, wọ́n á kàn kọ white metal, wọ́n á lọ sùn.

Àmọ́ o, white metal ò tún ní kó jẹ́ fàdákà dandan. Ó lè jẹ́ fàdákà, ó lè jẹ́ paktong, ìyẹn bàbà tí wọ́n pò mọ́ nickel àti zinc, ó pẹ́ táwọn ará Ṣáínà ti ń ṣe é, ó sì funfun dáadáa. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù láàárọ̀ ọ̀la, ẹ má kọ ímeèlì. Ẹ bi wọ́n pé gíráàmù mélòó ni, ṣé wọ́n ti tẹ́ẹ̀sì ẹ̀, kí wọ́n sì fi fọ́tò ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n kọ gíráàmù ẹ̀ sílẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹni tó kọ kátálọ́ọ̀gù yẹn ti gbà lọ́kàn ẹ̀ pé fàdákà ni. Ta ló ń wọn paktong?

Ìyá Rẹ̀mí, 9:40 alẹ́

Ẹ ṣé o, mi ò mọ ti òfin yẹn. £600 ṣì pọ̀ jù lójú tèmi.

Ṣọlá Akáwọ́ntì, 10:12 alẹ́

Ẹ jẹ́ ká ka owó ná ká tó máa sọ̀rọ̀ dírágónì. £700 tí ẹ̀gbọ́n ní yẹn kì í ṣe £700 nígbà tí òòlù alágbàǹjo bá lulẹ̀ o. Ẹ lọ wo buyer's premium nínú ìlànà wọn, ìyẹn owó tí ilé gbàǹjo ń gbà lórí iye òòlù lọ́wọ́ ẹni tó rà á, ká ní 25% ni, VAT 20% tún wà lórí premium yẹn, gbogbo ẹ̀ di 30%. Bí òòlù bá lulẹ̀ lórí £600, premium á jẹ́ £150, VAT á jẹ́ £30, ẹ máa san £780. Tó bá tún jẹ́ orí ìkànnì lẹ ti dá owó lé e, àwọn kan ń gba bíi 5% lórí iye òòlù, VAT tún wà lórí ìyẹn náà, £36 nìyẹn. Ó ti di £816, ọjà ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà £500 ni òpin yín. £500 pẹ̀lú 30% di £650, owó ìkànnì £30, ó di £680, ó ku £20 tẹ́ ẹ máa fi ra epo. Tẹ́ ẹ bá lọ jókòó síbẹ̀ fúnra yín tàbí tẹ́ ẹ fi iye tó pọ̀ jù tẹ́ ẹ lè san sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ẹ bọ́ lọ́wọ́ owó ìkànnì. Ẹ tún wo bóyá àmì ìràwọ̀ tàbí ọ̀bẹ kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà lọ́ọ̀tì náà, ó lè jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá tà, owó orí ìkówọlé á tún gorí ẹ̀. Ẹ kà á o, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí.

Alágbẹ̀dẹ Bìámíngàmù, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Iṣẹ́ mi ni àtúnṣe fàdákà, Jewellery Quarter, àdúgbò àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà àti fàdákà níbí, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. WH tó ti gba ọwọ́ mi kọjá kò kéré, ojúlówó wà, irọ́ sì wà. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ gbàgbé òǹtẹ̀ ná. Òǹtẹ̀ ló rọrùn jù láti jí. Wọ́n á mú ojúlówó kan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú amọ̀, wọ́n á da irin yíyọ́ sí i, òǹtẹ̀ á bá gbogbo ara ẹ̀ jáde. Ẹ wá fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Òǹtẹ̀ tí wọ́n fi òòlù lù máa ń mú ní etí, ìdí lẹ́tà ẹ̀ máa ń tẹ́jú. Èyí tí wọ́n dà, etí lẹ́tà á ti rọ̀, ẹ máa rí ihò wínníwínní káàkiri inú ẹ̀ bí ìgbà tí yanrìn bá sí kúrò lára nǹkan.

Lẹ́yìn náà ẹ wo dírágónì. Ẹni tó ṣe ojúlówó, ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan ló fi irinṣẹ́ lù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ò lè rí méjì tó bára mu pátápátá. Ẹ wo inú ihò imú ẹ̀, ẹ wo abẹ́ àgbọ̀n, ẹ wo àárín èékánná. Ọ̀dọ̀ àwọn ayédèrú, ibi wọ̀nyẹn ló máa ń dí pa. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ ki ìka bọnú: tó bá jẹ́ inú ni wọ́n ti lù ú jáde, ọwọ́ yín á bá kòtò dírágónì náà níbẹ̀. Tí inú bá dán gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ, ẹ má pariwo olè o, wọ́n máa ń fi awọ inú kejì sí i, àwọn tó dára gan-an sì wà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ibi tí ọwọ́ àti ẹnu tíípọ́ọ̀tì ti so mọ́ ara. Bí nǹkan aláwọ̀ eérú bá yọ síbẹ̀ bí ojú àpá, òjé ni wọ́n fi jó o, ẹnì kan ti tún un ṣe, kò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ mí èémí gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ha orúkọ kúrò á yàtọ̀ kí èémí tó gbẹ. Tẹ́ ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀ tó ń rọ̀ wọlé, ẹ gbé e kalẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá fàdákà ni láìfi ásíìdì bà á jẹ́: ẹ gbé jọ́ọ̀gì mílíìkì sórí síkéèlì ìdáná, ẹ kọ gíráàmù ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé abọ́ omi sórí síkéèlì, ẹ dá a padà sí òdo, ẹ fi òwú so jọ́ọ̀gì náà kó rì sómi pátápátá láìfara kan ìdí abọ́. Iye tí síkéèlì bá pè, ẹ fi pín gíráàmù àkọ́kọ́. Jọ́ọ̀gì tó wọn gíráàmù 206, tí síkéèlì pe 20 nínú omi, 10.3 nìyẹn, fàdákà 90 nínú 100 ni. Tó bá jẹ́ 8 àbọ̀ sí bíi 8.7, ẹ kú oríire paktong.

Alágbàǹjo Kent, 8:15 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ, ọ̀rọ̀ yín dáa, ṣùgbọ́n ta ló máa jẹ́ kó rì í sómi ní gbàgede ilé gbàǹjo? Wọ́n á lé e jáde ni. Ọwọ́ tó rí bí ọparun yẹn náà, òfìfo ló máa ń wà nínú ẹ̀, afẹ́fẹ́ á há síbẹ̀, ìṣirò á sọ pé paktong nígbà tó jẹ́ fàdákà. Awọ méjì náà á ṣe bẹ́ẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ Bìámíngàmù, 8:31 àárọ̀

Òótọ́ ni ti afẹ́fẹ́. Nǹkan tí kò ní ihò nínú ni kí wọ́n fi ṣe é, bí ìdérí tàbí ṣíbí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rà á ni mò ń sọ, kí ọjọ́ tí wọ́n fi lè dá ayédèrú padà tó kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ kó dájú, kó gbé e wá sí assay office, Bìámíngàmù, Lọ́ńdọ̀nù, Sheffield àti Edinburgh ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ X-ray wọn ò ní ha ara ẹ̀ rárá.

Kọ́lápọ̀ Houston, 3:20 ọ̀sán

Mi ò fara mọ́ "ẹ gbàgbé òǹtẹ̀" yẹn o. Ọ̀dọ̀ wa ní Amẹ́ríkà níbí fàdákà Ṣáínà máa ń jáde nínú ẹrù àwọn ìdílé tí bàbá ńlá wọn ṣòwò ọkọ̀ òkun, òǹtẹ̀ gan-an lèmi fi ń ka ìtàn ẹ̀. WH ni Wang Hing, Canton àti Hong Kong ni wọ́n ti tajà. Ṣọ́ọ̀bù ni o, kì í ṣe alágbẹ̀dẹ. Lẹ́tà Ṣáínà tí ẹ̀gbọ́n rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é gangan nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí WH méjì fi lè yàtọ̀ síra bí ọ̀run àti ayé, ọwọ́ tó ṣe wọ́n ò kan ara wọn rí. Ẹ fi fọ́tò lẹ́tà yẹn hàn wá, owó tó ju ti WH lọ lè wà níbẹ̀.

90 sì ni 90 nínú 100. Sterling, ìyẹn ìwọ̀n fàdákà Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ 92.5. Ibi tí 90 ti wá ni pé owó fàdákà Sípéènì àti Mẹ́síkò làwọn òyìnbó ń kó lọ ra tíì, ṣẹ́dà àti àwo tánganran ní Canton, bíi 90 nínú 100 náà ni fàdákà inú owó yẹn, àwọn alágbẹ̀dẹ sì ń yọ́ ọ. Àwọn tó ti pẹ́ jù, bíi ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, kò ní 90 rárá. Òǹtẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sín jẹ, kìnnìún, orí ẹkùn, lẹ́tà, gbogbo ẹ̀ ò ní ìtumọ̀ kankan, kò dẹ̀ sọ ọ́ di ayédèrú. Ìyá Rẹ̀mí, kìnnìún tẹ́ ẹ ní kí wọ́n wá yẹn, ó lè jẹ́ ará Canton!

Ìyá Rẹ̀mí, 4:02 ọ̀sán

Ẹ̀yin ọmọ yìí fẹ́ fi fàdákà pa mí.

Ọmọ Ẹ̀gbá Leicester, 7:30 alẹ́

Mo pè wọ́n. Gíráàmù 1,240 ni gbogbo ẹ̀, wọn ò tẹ́ẹ̀sì ẹ̀. Mo ti gbé fọ́tò sókè, ẹ wo ìdí wọn, òǹtẹ̀ náà mú lójú mi. Ẹ tún wo ọwọ́ tíípọ́ọ̀tì, òrùka funfun kékeré méjì wà níbi tí ọwọ́ ti pàdé ara, kí nìyẹn?

Ṣọlá Akáwọ́ntì, 7:44 alẹ́

Gíráàmù 31.1 ni troy ounce kan, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ta fàdákà: 1,240 pín sí 31.1, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ounce 40. Tó bá jẹ́ 90 lóòótọ́, bíi ounce 36 ni ògidì fàdákà tó wà níbẹ̀. Ẹ wo iye ounce kan lọ́jọ́bọ̀ láàárọ̀, ẹ fi sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ìyẹn bá ti ga ju £600 wọn lọ, kò ní dúró sórí £600, àwọn tó ń yọ́ fàdákà náà ní fóònù lọ́wọ́.

Alágbàǹjo Kent, 8:10 alẹ́

Ẹ dúró ná. Eyín erin ni òrùka yẹn! Wọ́n máa ń fi sáàárín kí ooru tíì má bàa gba ọwọ́ kọjá. Láti 6 oṣù kẹfà 2022 tí Ivory Act, òfin eyín erin, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò lè ta nǹkan tó ní eyín erin nínú nílẹ̀ yìí àfi tó bá bọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Tíípọ́ọ̀tì lè bọ́ sí i: kó ti wà ṣáájú 1947, kí eyín erin inú ẹ̀ má tó 10% gbogbo ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kéèyàn kàn mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn o, wọ́n gbọ́dọ̀ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kí wọ́n tó tà á, £20 ni. Ẹ pè wọ́n padà lọ́la, ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rà á tẹ́ ẹ tún fẹ́ tà á lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀yin náà máa forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́tun lórúkọ ara yín.

Alágbẹ̀dẹ Bìámíngàmù, 8:26 alẹ́

Ó lè jẹ́ egungun. Egungun máa ń ní ààmì dúdú tín-ín-tìn-ìn-tín bí ojú abẹ́rẹ́, eyín erin kì í ní in, ìlà tó ń kọjá lórí ara wọn ló máa ń ní. Ṣùgbọ́n lára òrùka tó kéré báyẹn, ojú lásán lè má mọ̀ ọ́n.

Kọ́lápọ̀ Houston, 8:50 alẹ́

Ẹnikẹ́ni tó bá ń rò pé òun á rà á ní Gẹ̀ẹ́sì kí òun kó o lọ sílé ní Èkó tàbí kó o wá bá wa níbí, òrùka méjì yẹn lè di wàhálà ní kọ́sítọ́ọ̀mù. Ìwé àṣẹ CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹranko, lẹ máa wá kí ẹ tó gbé e sọdá ibodè. Èmi ò kì í wo tíípọ́ọ̀tì mọ́, àwo ìgbékáàdì, ife, àpótí sìgá ni mo ń rà, wọn ò ní eyín erin kankan.

Baba Àwo, Ọjọ́rú, 5:55 àárọ̀

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ fàdákà, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn lórí jáà. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ọba Ṣáínà ni Kangxi, ó jọba láti 1662 sí 1722. "Kangxi mark" tí wọ́n kọ yẹn, ohun tí wọ́n ń sọ kò ju pé lẹ́tà orúkọ ọba yẹn wà nídìí ẹ̀. Tí wọ́n bá gbà pé ìgbà ayé ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, "mark and period" ni wọ́n máa kọ, owó ẹ̀ ò sì ní jẹ́ £80. Jáà búlúù onílẹ́tà mẹ́rin, tí òdòdó plum funfun wà lórí ilẹ̀ tó dà bíi yìnyín tó sán, òpin ọ̀rúndún 19 ló pọ̀ jù nínú wọn, ìgbà ọba Guangxu, 1875 sí 1908. Jingdezhen, ìlú àwo tánganran ní Ṣáínà, ni wọ́n ti ń ṣe é ránṣẹ́ sí òyìnbó lọ́pọ̀ yanturu. Kì í ṣe jìbìtì, ọ̀wọ̀ fún ayé àtijọ́ ni, àwọn ìgbà Kangxi fúnra wọn ń kọ orúkọ ọba Chenghua sídìí àwo tiwọn, ọba tó ti kú láti 1487! Tẹ́ ẹ bá rí "China" ní lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ ẹ̀, òfin owó orí tí Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1890 ló fà á, wọ́n ní kí gbogbo ọjà máa kọ orílẹ̀-èdè tó ti wá.

Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ọwọ́ kan abẹ́, ọwọ́ kan ara, ẹ má fi ìdérí gbé e. Ẹ fi èékánná kàn án: tó bá dún gbọnrangandan, ó dáa, tó bá dún kọ̀ọ̀, ó ti sán níbì kan. Ẹ tan iná fóònù sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó láti ìta. Ẹ wo ẹnu ẹ̀ yíká bóyá ìdérí yẹn tiẹ̀ jẹ́ tiẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdérí ló jẹ́ àlejò. Ẹ wo ìdí ẹ̀ níbi tí kò ní dídán, ó yẹ kó gbó láìdọ́gba, ibi tí ó máa ń fara ha tábìlì. Tí ìdọ̀tí ẹ̀ bá dọ́gba yíká, tó pọ́n bíi tíì, ẹnì kan ló pa á láró. Tọ́ọ̀ṣì UV kékeré náà dáa lọ́wọ́, ibi tó fọ́ tí wọ́n ti fi ọ̀dà bò mọ́lẹ̀ máa ń tàn yàtọ̀.

Jáà tó pé láìsán, £80 ò burú. Ẹ rà á torí ẹwà ẹ̀.

Dúró_Ṣeé, 9:17 àárọ̀

Baba Àwo, ẹ má pa ọkàn èèyàn o. Ṣé ẹ ti gbàgbé fáàsì aláwọ̀ búlúù tó wà ní kíṣìnì ẹnì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, tí wọ́n tà ju mílíọ̀nù kan àti ogún ọ̀kẹ́ pọ́n-ún, ẹ jẹ́ kí n kọ nọ́ńbà ẹ̀, £1.4 mílíọ̀nù ó lé, ní 2022? Ti Fransé náà ńkọ́, ọdún yẹn kan náà, Fontainebleau, wọ́n fojú bù ú sí €2,000, òòlù lulẹ̀ lórí €7.7 mílíọ̀nù. Abọ́ kan tẹ́nì kan rà ní $35 nínú àgbàlá ilé ní Connecticut, wọ́n tà á ju $700,000 ní 2021. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké!

Baba Àwo, 9:50 àárọ̀

Ti Fontainebleau tó o mú wá yẹn, ọ̀jọ̀gbọ́n ilé gbàǹjo náà sọ pé nǹkan ọ̀rúndún 20 ni, kò yí ohùn padà lẹ́yìn tí wọ́n tà á, ìyẹn ni wọ́n fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Owó gọbọi ò sọ pé olówó mọ̀ jù. Fáàsì Ruislip ti 2010 náà ńkọ́? Òòlù lulẹ̀ lórí £43 mílíọ̀nù, ẹni tó dá owó lé e ò san. Ẹ̀yìn irú nǹkan báyẹn ni ọ̀pọ̀ ilé gbàǹjo ṣe ń ní kéèyàn fi owó sílẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó dá owó lé ọjà Ṣáínà ńlá. Ẹ máa lá àlá yín, ẹ ṣáà jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wo ìdí jáà.

Ọmọ Ifẹ̀, 1:08 ọ̀sán

Ìbéèrè kan. Ṣé kì í ṣe ẹrù olè là ń dá owó lé yìí? Àwa tí wọ́n kó ẹrù Bìní lọ́dún 1897 tá à ń pariwo kí wọ́n dá a padà, ṣé àwa náà ló yẹ ká wá máa ra ti Ṣáínà? Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Fransé ló kó ẹrù ààfin Yuanmingyuan, ti ọba Ṣáínà, ní 1860, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì dáná sun ún. Ní 2018 wọ́n ta ohun èlò idẹ kan tó ti ibẹ̀ wá ní Canterbury, £410,000, ìjọba Ṣáínà fi ẹ̀hónú hàn.

Kọ́lápọ̀ Houston, 2:30 ọ̀sán

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ẹ̀gbọ́n. Ohun èlò Canterbury yẹn, ẹni tó rà á dá a padà fún mùsíọ́ọ̀mù ìjọba ní Beijing lọ́dún yẹn náà. Ó sì tọ́. Sẹ́ẹ̀tì tíì yìí ò sí lára wọn. Wọ́n ṣe é tìtorí kí òyìnbó lè rà á ni, alágbẹ̀dẹ gba owó, onísọ́ọ̀bù gba owó, kò ti ààfin kankan wá.

Ọmọ Ifẹ̀, 2:41 ọ̀sán

Ti fàdákà yé mi. Àwo ààfin, ère ojúbọ, ohun tí wọ́n wú nínú sàárè, ńkọ́?

Baba Àwo, 3:15 ọ̀sán

Ìyẹn lo ti sọ òótọ́. Èmi kì í fọwọ́ kan ohun inú sàárè tí kò níwèé, àti orí òrìṣà tí wọ́n gé lára ògiri. Tí ẹni tó ń tà á ò bá lè sọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ rí àti ọdún tó rà á, mo ti kọjá nìyẹn.

Dúró_Ṣeé, 3:40 ọ̀sán

Ẹ má da ara yín láàmú jù, ọjọ́ 14 ni òfin fún yín láti dá ọjà orí ayélujára padà.

Ṣọlá Akáwọ́ntì, 3:52 ọ̀sán

Rárá o! Gbàǹjo tí ará ìlú lè lọ jókòó sí kò sí nínú òfin ọjọ́ 14 yẹn. Òòlù tó bá ti lulẹ̀, ẹ ti rà á. Ayédèrú pọ́ńbélé nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà padà, iye ọjọ́ ẹ̀ wà nínú ìlànà wọn, kò sì dọ́gba. Ó sì yẹ kẹ́ ẹ béèrè ẹni tó máa kó o wá sílé, ọ̀pọ̀ kúríà kì í san owó tánganran tó bá fọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ wakọ̀ lọ gbé e fúnra yín.

Ọmọ Ẹ̀gbá Leicester, Ọjọ́bọ̀, 9:20 alẹ́

Mo ti dé o. Nígbà tí mo béèrè nọ́ńbà eyín erin lánàá, obìnrin tó gbé fóònù ní òun máa wádìí. Mo débẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ti yọ sẹ́ẹ̀tì tíì kúrò nínú títà, wọn ò forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Dílà kan tó wá tìtorí ẹ̀ ń wò mí bíi pé èmi ni mo jí i. Jáà: mo tan iná sínú ẹ̀ bí Baba Àwo ṣe wí, ìlà kan báyìí láti ẹnu wá dé èjìká, mo gbé e padà síbi tí mo ti mú un. Ó ṣì tà ní £95.

Mo wá rí abọ́ iyọ̀ kékeré méjì nínú lọ́ọ̀tì tí kò sẹ́ni tó ń wò, òdòdó chrysanthemum yí wọn ká, wọ́n lu LUENWO SHANGHAI sí wọn, òǹtẹ̀ náà mú ní etí, gíláàsì búlúù wà nínú ọ̀kan, ti èkejì ti sọnù. Òòlù lulẹ̀ lórí £110, mo san £143. Ìyàwó mi ti gbé ọ̀kan sórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ, nǹkan dúdú wà nínú èyí tí kò ní gíláàsì, ṣé kí n rì í sínú omi tí wọ́n fi ń fọ fàdákà yẹn?

Alágbàǹjo Kent, 9:34 alẹ́

Ẹ kú ọjà! Ẹ fi nọ́ńbà yín sílẹ̀ fún wọn, sẹ́ẹ̀tì yẹn á padà wá nígbà tí wọ́n bá ti san £20.

Alágbẹ̀dẹ Bìámíngàmù, 10:02 alẹ́

Má rì í o! Omi yẹn máa bó dúdú tó wà nínú kòtò òdòdó, òun ló ń jẹ́ kí òdòdó náà yọ. Iyọ̀ ló jẹ inú ẹ̀. Ẹ fi omi lọ́wọ́wọ́ àti ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ abọ́ fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún gbẹ, ẹ fi ìpara tí wọ́n fi ń dán fàdákà díẹ̀ pa inú ẹ̀ nìkan. Ohun tó bá kù lẹ́yìn ìyẹn, kòtò ni, kì í ṣe ìdọ̀tí, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wọn ẹnu ẹ̀ ní mìlímítà kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, àwọn tó ń gé gíláàsì búlúù wà ládùúgbò wa níbí. Títí dìgbà yẹn, ẹ sọ fún ìyàwó yín kó má da iyọ̀ sí i.

Ọmọ Ẹ̀gbá Leicester, 10:06 alẹ́

Ó ti dà á.